Bí Ìjókòó Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Olóhùn-Iyọ̀

Ẹni tí omi dá mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọṣẹ ṣì ń ta á lójú kì í rẹ́rìn-ín. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi ń jẹun. Ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí omi bá dá, bí páìpù bá bẹ́ sójú títì, bí omi ẹ̀rọ bá pọ́n bí omi àgbàrá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni aráàlú ń pè lórí tẹlifóònù láti wá da èébú sí létí. Ṣùgbọ́n èébú kì í pẹ́ lẹ́nu ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ obìnrin yìí. Á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ṣáà rọra sọ ọ́ fún mi, mò ń gbọ́." Ẹni tó fi ìbínú pè á ti máa tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdajì. Àwọn ará ọ́fíìsì ló sọ ọ́ ní Olóhùn-Iyọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, máa ń fi pè é nígbà tó bá fẹ́ kó bu ẹran kún oúnjẹ òun.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì, àjà kẹta ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé èèyàn gòkè ti kú, wọn ò sì sin ín. Wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé kí gbogbo èèyàn mú sùúrù ni. Àtẹ̀gùn ni Olóhùn-Iyọ̀ ń gùn láàárọ̀. Lọ́sàn-án, á sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, á tún gùn ún padà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa bú ẹni tó kọ́ ilé náà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ̀fẹ̀ ló ń jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bú Olóhùn-Iyọ̀ jù lórí tẹlifóònù, Bàbá Ẹ̀fẹ̀ á fọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù tirẹ̀, á yí sí i, á ní, "Ṣé kí n lọ gé omi ẹ̀ pátápátá ni?" Wọn á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á máa lọ.

Ìgbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kó kúrò nínú ilé alátẹ̀gùn yẹn. Wọ́n ní kí kálukú máa jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Wọ́n fún Olóhùn-Iyọ̀ ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń kọ́ sétí. Ijó ló fi gbé e wọlé.

"Ó tán!" ló ń wí. "Bọ́ọ̀sì, ó dàbọ̀! Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ojú wa ò ní í ríra mọ́ láé!"

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Adájọ́ nítorí bó ṣe máa ń fọ̀rọ̀ wá tàgbà tèwe lẹ́nu wò. Adájọ́ dúró tì í, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa wà nílé tí mo bá ti ilé-ìwé dé?"

"Èmi gan-an ni màá máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ."

Adájọ́ wo ojú ìyá rẹ̀ títí, kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Ká má purọ́, ayé dẹrùn fún un níbẹ̀rẹ̀. Oorun àárọ̀ tó ti ń wá láti ìgbà tó ti bímọ, ó rí i sùn. Orí tó máa ń fọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì kò fọ́ ọ mọ́. Oúnjẹ gbígbóná ni ọmọ rẹ̀ ń bá nílé. Ó gbé tábìlì kékeré kan sí igun yàrá, láàárín ibùsùn àti fèrèsé, ó fa àga oníke kan sídìí rẹ̀, ó di ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Aṣọ ló kọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ń rí i, ta ló wá ń múra fún? Aṣọ àwọ̀sùn tó fi jí ló máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ di ọ̀sán, ìgbà mìíràn di alẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ẹnu. Ní ọ́fíìsì, ojú ń tì í láti máa jẹun níwájú àwọn èèyàn. Nílé, bisikíìtì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹnì kan bá bú u, á jẹ kan fún ìtùnú. Bí ẹnì kan bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ méjì fún ayọ̀. Kò pẹ́ tí síkẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì fi kọ̀ láti pa dé. Ó kó wọn sínú àpótí, ó ní ìgbà òtútù ni àwọn á tún ríra, bíi pé òtútù ń dín ìdí kù.

Èyí tó wá burú jù ni iná pupa kan lójú kọ̀ǹpútà náà. Bí èèyàn bá dìde nídìí iṣẹ́, iná náà á tàn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn: "A ò rí yín o. Ṣé kò sí?" Ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹni tó lọ ilé ìtọ̀. Olóhùn-Iyọ̀ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ òun sí àìdáa, nítorí náà ó wá ọgbọ́n dá sí i: ó dín omi mímu kù. Ife tíì kan láàárọ̀, ó parí. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ sọ̀rọ̀ omi, ètè rẹ̀ ń bó nítorí òǹgbẹ.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó sì yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "Báwo ni òní?"

"Dáadáa ni."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ọkùnrin náà á mi orí. "Àwọn tó ń pè ẹ́ látàárọ̀ ti jẹ ẹran ara ohùn yẹn tán. Eegun ẹ̀ lo ń gbé fún èmi." Ó fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún níkùn.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ní ibi tó ki lẹ́yìn, nísàlẹ̀ orúnkún. Ó ní àga ni. Ó fi ìpara pa á. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà wú ju ìkejì rẹ̀ lọ, ó sì gbóná. Ọkọ rẹ̀ rí i níbi tó ti ń na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní, "Èyí ti dà bíi táyà tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ jù," àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Bó bá sá aṣọ sórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó ní láti dúró mí kó tó gùn padà sí yàrá wọn lókè. Ó ní ara tí òun san ni. Ó pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé, òun á lọ sílé ìwòsàn. Sátidé dé, ó sùn. Òmíràn dé, ó fọ aṣọ.

Ọ̀sán kan ni ìyá arúgbó kan pè. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó sílé, nọ́ńbà ni ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n máa pe ara wọn dípò orúkọ, Olóhùn-Iyọ̀ sì sọ bó ṣe ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Ẹ káàsán mà. Ẹni kẹtàdínlógún ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹni kẹtàdínlógún?" ni ìyá náà wí. "Ṣé orúkọ tí bàbá ẹ fún ẹ nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa Olóhùn-Iyọ̀, ẹ̀rín tòótọ́ tí kò rín láti ọjọ́ pípẹ́. Àárín ẹ̀rín náà ni nǹkan ti gún un láyà bí abẹ́rẹ́. Ìyá náà ti ń ṣàlàyé bí omi ilé òun ṣe pọ́n bíi tíì, tí òun sì ní aṣọ funfun láti fọ̀. Olóhùn-Iyọ̀ fẹ́ dá a lóhùn. Ó fa èémí, èémí náà ò wọlé tán. Ó ní kí òun dìde ṣí fèrèsé. Ẹsẹ̀ ò gbé e. Ohun tó rí gbẹ̀yìn ni ilẹ̀ yàrá tó ń dìde bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ẹnu ni wọ́n fi ròyìn ìyókù fún un.

Ìyá arúgbó gbọ́ "gbì!" létí, ó gbọ́ ife tó fọ́. Ó pe, "Ọmọ mi? Ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀?" Kò sí èsì. Ẹlòmíràn ì bá gbà pé wọ́n já òun sílẹ̀, kó sì máa bú ilé-iṣẹ́ omi lọ. Ìyá yìí pa tẹlifóònù, ó tún nọ́ńbà náà pè. Ọkùnrin kan gbé e.

"Ẹ káàsán mà, ẹni kẹrin ló ń..."

"Dákẹ́ ná, jẹ́ n sọ̀rọ̀. Kì í ṣe torí omi. Obìnrin kan ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí báyìí, ó ṣubú. Etí mi ló ṣe. Mi ò mọ ilé ẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó ní ẹni kẹtàdínlógún lòun. Ohùn ẹ̀ dùn."

Bàbá Ẹ̀fẹ̀ ni ẹni kẹrin. Bó ṣe gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ̀fẹ̀ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó fa ẹ̀rọ yọ létí, ó ní kí iná pupa máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó pe Olóhùn-Iyọ̀, kò gbé e. Ó pe ọkọ rẹ̀, tó ti mọ̀ láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti bá a tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe. Apá kejì ìlú ni mẹkáníìkì wà lọ́jọ́ náà, nídìí bọ́ọ̀sì kan tó kú sójú títì. Òun náà pe onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wọn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí.

Onídìrí sọ òòyà nù. Ó sáré gòkè, oníbàárà tó ti di ìdajì orí rẹ̀ sì sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n bá Olóhùn-Iyọ̀ nílẹ̀ láàárín ibùsùn àti tábìlì, ètè rẹ̀ ti dúdú, èémí rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ. Àwọn méjèèjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ oníbàárà yẹn ni wọ́n gbé e sí, òun fúnra rẹ̀ ló wà á, irun apá kan gún régé, apá kejì rí wúruwùru bí igbó. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, òun ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dì mú, ó rò pé òun ni aláìsàn.

Nígbà tí Olóhùn-Iyọ̀ lajú dáadáa, ọkọ rẹ̀ wà lápá kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún ọ́ìlì. Dókítà, obìnrin kan tí kì í kánjú, fa àga mọ́ ọn.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀ yín," ló wí. "Díẹ̀ já kúrò lára ẹ̀, ó lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹ lè mí. Ká ní wọn ò tètè gbé yín dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe ń lo ọjọ́ yín?"

Olóhùn-Iyọ̀ rò ó fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́ lòun náà ń gbọ́ ọ: ibùsùn, àga, ibùsùn. Ìgbésẹ̀ tó pọ̀ jù lójúmọ́ ni ti ilé ìdáná.

"Omi ńkọ́?"

"Ilé-iṣẹ́ omi ni mo ń bá ṣiṣẹ́," ló dáhùn, àfi bíi pé ìyẹn ni wọ́n bi í.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjókòó nìkan kọ́, pé ara kálukú ló ní bó ṣe rí, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń jókòó tí irú èyí kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò bá tì lọ, tí omi ò sì là, ó máa ń fẹ́ dì. Olóhùn-Iyọ̀ kọjú sí ògiri, omi ń dà lójú rẹ̀. Ojú ló ń tì í. Bó bá jẹ́ pé ó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ni, èèyàn á rí ohun tí wọ́n á sọ fún àlejò. Ta ni wọ́n ń sọ fún pé àga ló dá òun dùbúlẹ̀?

Nígbà tí dókítà lọ tán, ọkọ rẹ̀ ní, "Mo rí ẹsẹ̀ yẹn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi tí mo máa ń gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì láti òdìkejì títì. Mo rí i, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi tí mo ni ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣebí èmi náà rẹ́rìn-ín."

Ó di ọwọ́ ọlọ́ìlì yẹn mú.

Wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ìbọ̀sẹ̀ kan tó fún pinpin, tó gùn dé orúnkún. Ìbọ̀sẹ̀ yìí di iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á kúnlẹ̀ níwájú ibùsùn, á máa fà á, á máa làágùn.

"Ẹ rọra o," ni Olóhùn-Iyọ̀ á wí.

"Táyà ọkọ̀ ńlá rọrùn ju èyí lọ. Na ọmọ ìka ẹ. Ìwọ Adájọ́, wá di apá ibí yìí mú."

"Bàbá, òdì lẹ fi wọ̀ ọ́," ni Adájọ́ á dá a lẹ́jọ́, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ẹ̀fẹ̀ wá kí i. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan ara wọn, Olóhùn-Iyọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀. Ó ti sanra lójú, àgbọ̀n rẹ̀ ti di méjì, abẹ́ ojú rẹ̀ wú. Ó jókòó, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ní, "Èmi nìkan ni mò ń gbé, o mọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní rí ẹ̀dá alààyè kankan. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn, oorun náà ò wá. Mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rín nínú yàrá. Ògiri ò mọ ẹ̀rín."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Pè ẹ́ kẹ̀? Gbogbo ọjọ́ la fi ń pè. Tó bá di alẹ́, mi ò fẹ́ rí tẹlifóònù sójú."

Olóhùn-Iyọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ṣàdéhùn pé tí ara rẹ̀ bá yá, àwọn á jọ máa rìn lọ sí pápá ìṣeré ní Sátidé.

Bàbá Ẹ̀fẹ̀ ti fi nọ́ńbà ìyá arúgbó pamọ́. Olóhùn-Iyọ̀ pè é.

"Ṣé ìwọ ni ẹni kẹtàdínlógún?" Ìyá náà ké. "Háà! Nọ́ńbà ni mo fi ń gbàdúrà fún ẹ látọjọ́ yìí! Mi ò mọ orúkọ tí màá dá fún Ọlọ́run!"

Olóhùn-Iyọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún un. Ìyá náà tún gbogbo àdúrà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi orúkọ sí i. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó ní, "Omi mi ṣì pọ́n o."

Nígbà tí Olóhùn-Iyọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá pe gbogbo wọn sí ìpàdé lójú kọ̀ǹpútà. Ó bi í bóyá ó fẹ́ wí ohun kan. Olóhùn-Iyọ̀ ò pariwo. Ohùn tó fi ń tu oníbàárà lójú ló fi sọ ọ́, bí òun ṣe ń sá fún omi nítorí iná pupa. Ẹnì kan ní òun náà kì í mu omi. Òmíràn ní ọrùn òun kò yí sápá òsì mọ́. Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá iwájú orí. "Ẹ má bínú," ló wí. "Èmi náà ń jókòó sórí ìrọ̀rí nítorí ẹ̀yìn. Mo rò pé èmi nìkan ni." Wọ́n tún iná náà ṣe kó má máa tàn sí ẹni tó bá dìde díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí kálukú padà máa dárúkọ. Wọ́n bèèrè àga tó dára. Ìyẹn ò tíì dé títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mẹkáníìkì ló yọ ìjókòó awakọ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀sì kan tí kò lè rìn mọ́, ó fi irin gbé e nílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó tún kan pákó gíga kan mọ́ ògiri kó lè máa dúró gba tẹlifóònù nígbà tó bá fẹ́. Bàbá Ẹ̀fẹ̀ ní nígbà tí ìjókòó bọ́ọ̀sì yẹn ti dé, ìgbà wo ni yóò máa já èrò?

Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ padà sí ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún àwọn díẹ̀. Ó ní rárá. Ó fẹ́ràn ilé. Ilé ló fẹ́ wà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ilé di àpótí. Láàárọ̀, ó ń wẹ̀, ó ń wọ aṣọ gidi. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń ṣẹ́gun bisikíìtì, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni bisikíìtì ń gbé báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó rìn lọ bá a.

Bó bá pa kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, ó máa ń rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, abẹ́ bọ́ọ̀sì kan ni ọkùnrin náà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Olóhùn-Iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Ọkùnrin náà fi orí gbá irin, ó yọ jáde pẹ̀lú ìpayà.

"Kí ló ṣe? Ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́?"

"Kò sí nǹkan. Mo wá mú yín lọ sílé ni."

Ó nu ọwọ́, ó wò ó lókè nílẹ̀. Wọ́n jọ jáde. Títì náà gùn, wọn ò kánjú. Ọkọ rẹ̀ ní, "Báwo ni òní?" Olóhùn-Iyọ̀ ní ọkùnrin kan pe òun lọ́sàn-án pé ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀ òun, pé ó ní láti jẹ́ inú páìpù ló ti jáde, kí ilé-iṣẹ́ wá gbé ọmọ wọn. Ọkùnrin náà dúró láàárín ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ìgbáròkó mú. "Kí lo wá sọ fún un?" ló wí, Olóhùn-Iyọ̀ sì ń sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń lọ.